Ìkéde Ìpàdé Oṣù Yìí ní Kubwa: Oníṣòwò Tó Di Aṣòfin

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn Àbújá yìí o.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn wa ní Kubwa. Àlejò wa ni ọmọ ẹgbẹ́ wa àtijọ́ tó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ní Dei-Dei, kó tó padà sílé lọ dupò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara, tó sì wọlé. Aṣòfin 24 péré ló wà níbẹ̀, ohùn ẹnì kan kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má pẹ́ dé. Láti 2018 ni òfin ti dín ọjọ́ orí tí èèyàn fi lè du ipò yìí kù láti 30 sí 25. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ fà yín kalẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù nìkan kò tó.

Ohun tí mo fẹ́ ká bi í dáadáa ni ti òwò fúnra rẹ̀: ta ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tó wọlé? Òfin ní kí aṣòfin kéde dúkìá rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó ń fi gbogbo àkókò ṣiṣẹ́ ìjọba má darí òwò ara rẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. (Abájọ tí oko fi pọ̀ lọ́wọ́ wọn!)

Ẹ mú owó ẹgbẹ́ wá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ "mò ń bọ̀" síbí, kí àwọn tó ń dáná lè mọ iye ìrẹsì tí wọn yóò sè.

Akọ̀wé ẹgbẹ́