Owó Dé, Ọ̀rọ̀ Kò Dé

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta

Àjọkẹ́ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti wọlé láti ọjọ́ Ẹtì. Ìlọ́po méjì èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ ni. Ìyá rẹ jó nígbà tí Fẹ́mi ka iye rẹ̀ sókè, èmi ò jó. Mo ní kí Fẹ́mi yẹ fóònù wò dáadáa, bóyá ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e. Ó ní kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí a ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Owó dé, ọ̀rọ̀ kò dé. Ọmọ tó ń bínú a máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá náà a máa fi ránṣẹ́, kí àwọn ará ilé má baà béèrè nǹkan kan. Èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì?

Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sọ́jà. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ó ká páànù ẹ̀yìnkùlé, a ti kàn án padà. Fẹ́mi ti rí ààyè gbà ní Poly.

Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ pe ìyá rẹ láti Leeds, ní ìlú Òyìnbó níbẹ̀. Ó ní o ti fi iṣẹ́ alẹ́ tí o ń ṣe nílé àwọn arúgbó sílẹ̀, pé o kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé inú yàrá lo máa ń wà tí o ń ṣe géèmù. Ìyá rẹ gbọ́ "géèmù", ó rò pé tẹ́tẹ́ ni, ó bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í títí mo fi ṣàlàyé fún un pé ìtàn ni, ìtàn inú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ẹni tó ń kà á ló ń yan ọ̀nà tí yóò gbà. Ó ní ṣé ẹni tó ń kàwé kò mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ kó mọ ọ̀nà ni? Mi ò rí èsì fún un.

Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì tíì rí òmíràn, o ò ṣe dáadáa. Mo ti sọ ọ́. Onílé kì í gba ìtàn dípò owó. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju iṣẹ́ lọ. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀?

Fẹ́mi ló fi eré náà hàn mí. Ó ní o gbé e wọ ìdíje kékeré kan lóṣù Kìíní, pé eré 31 ló wà níbẹ̀, ìwọ sì ṣe ipò 27, pé láti ọjọ́ tí èsì ti jáde lo ti dákẹ́. Mo ra dátà, mo wọ awò mi, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì lo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ilé wa ni. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn lálẹ́, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró de bàbá rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ní àwọ̀ búlúù nísàlẹ̀: dúró, mu omi, lọ sùn. Èmi tí mo jẹ́ òbí, mo kọ́kọ́ tẹ lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ti wá, ó sì ti tún jáde, òórùn yíǹkì nìkan ló kù lára táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Eré parí. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tẹ dúró. Iná àtùpà rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ dúró. Ajá kan gbó lọ́nà ọjà. Láti ìgbà karùn-ún, gbólóhùn kan náà ló ń jáde ṣáá, Fẹ́mi ní ó ti bàjẹ́, kí n fi sílẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀ torí mo mọ ilé náà. Ní ìgbà kejìlá, géètì dún. Bàbá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún yíǹkì, ó ní, "O ò tíì sùn?" Ibẹ̀ lo parí rẹ̀ sí.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Gbólóhùn tí mo máa ń sọ gan-an nìyẹn, kò sì sí òmíràn tí mo máa ń fi kún un.

Àjọkẹ́, ìtàn náà dára. Mi ò sọ ọ́ torí pé ọmọ mi ni ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ka púrúùfù nílé ìtẹ̀wé fún àwọn ènìyàn, bébà tí a fi ń wá àṣìṣe kí ìwé tó jáde, mo mọ ọ̀rọ̀ tó ní egungun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ nǹkan kan lẹ́ẹ̀méjìlá nígbà tí kò rí ìyàtọ̀ láti ìgbà karùn-ún dé ìkọkànlá? Ẹni tí kò gbé ilé wa rí yóò rò pé fóònù òun ló kú. Ìwọ mọ̀ pé géètì yóò dún, òun kò mọ̀. Jẹ́ kí nǹkan kékeré yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò kan bà lé àtùpà, kí aládùúgbò kan wúkọ́, kó lè mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Nǹkan kejì tún wà: bí mo bá mu omi lẹ́ẹ̀kan, o ní ìyá ti sùn; bí mo bá tún mu ún, ìyá wà ní kíṣìnnì, ó ń bọ́ àwo lọ́wọ́ mi.

Mo bi Fẹ́mi pé ta ló bá ọ dán an wò. Ó ní nínú irú eré yìí, wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó dán an wò síbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí, pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wò nìyẹn. Lórí tìrẹ, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ìwọ nìkan. Ohun tó lé oorun kúrò lójú mi nìyẹn, kì í ṣe ipò 27.

Òfin kan wà nílé ìtẹ̀wé tí mo ti máa ń sọ fún yín: ẹni tó to lẹ́tà kò gbọdọ̀ dá púrúùfù rẹ̀ kà. Ojú rẹ̀ yóò máa rí ohun tó ní lọ́kàn, kò ní rí ohun tó wà lórí bébà. Mo rú òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà ní èmi nìkan. Ìwé ètò ìsìnkú ni, ẹ̀dà 500. Mo fi ọdún ikú síwájú ọdún ìbí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí i. Ọmọ olóògbé ló rí i, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sókè sí mi láì sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń rí ọwọ́ ọmọ náà.

Mo ní kí Fẹ́mi bá mi wádìí ta ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Will Crowther ni, ará Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ máa ń wọ inú ihò àpáta lọ, wọ́n ń ya àwòrán àwọn ọ̀nà inú rẹ̀, ní Mammoth Cave ní Kentucky. Ìgbéyàwó wọn tú. Nígbà tó di nǹkan bíi 1975 sí 1976, ó jókòó, ó fi ọ̀rọ̀ lásán kọ ihò náà sínú kọ̀ǹpútà, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀. O kọ ibi tí o fẹ́ lọ, ó sọ ohun tí o bá níbẹ̀ fún ọ. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ eré fún àwọn ọmọ òun. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Bàbá tí ilé rẹ̀ ti tú, tó ń wá ohun tí yóò mú òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ súnmọ́ra, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni odò tí o ń mu yìí ti ṣàn wá. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Ọmọkùnrin kan ní Yunifásítì Stanford, Don Woods, rí eré náà, ó fẹ́ fi kún un, kò sì mọ ibi tí Crowther wà. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí orúkọ "crowther" ní gbogbo ibùdó kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìsokọ́ra ayé ìgbà náà. Crowther fèsì. Ó fún un ní iṣẹ́ náà, Woods fẹ̀ ẹ́ ní 1977, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ nìyẹn. Ká ní ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ńkọ́? Lọ́yà kan tún wà, ará Amẹ́ríkà, Edward Packard, tó máa ń pa ìtàn fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ìtàn tán lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi wọ́n pé kí ni àwọn yóò ṣe. Kálukú wọn mú ọ̀nà tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé tí òǹkàwé ń yan ọ̀nà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ ní 1969, àwọn ilé ìtẹ̀wé kọ̀ ọ́, 1976 ló tó jáde. Àwọn ọmọ ló bá a rí ọ̀nà.

Èmi ò pa àlọ́ fún ọ rí. Ìyá mi ló ń pa á fún yín. Òun náà ló sọ ọ́ ní Àjọkẹ́.

Ìyá rẹ ti sùn, jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kọ ìwé ìtàn kan ní 1984, kí n tó mọ ìyá rẹ. Inú ìwé lẹ́jà ilé iṣẹ́ ni mo kọ ọ́ sí, ojú ewé 118. Mo ka orí àkọ́kọ́ fún ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Mo pa á dé. Mi ò fi han ẹlòmíràn mọ́. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní mo ń tún un ṣe lọ́wọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà fún ọdún 15. Nígbà tí a ń kó wá sí Mọ́kọ́lá ní 1999, mo fà á jáde. Èèpo rẹ̀ dúró dáadáa, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́ bí igbá. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, iyẹ̀pẹ̀ ló dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni, mo ní ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ ni.

Àwọn alẹ́ tí o fi ń jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, Àjọkẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn yòókù á ti lọ, èmi á jókòó sílé ìtẹ̀wé, màá máa gbìyànjú láti tún ìtàn yẹn kọ. Ìlà méjì, mo fà á ya. Ìlà mẹ́ta, mo fà á ya. Mi ò jẹ́ kí ẹnì kankan wọlé. Mo ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ nígbà náà. Mo sọ fún ọ pé iṣẹ́ ló dá mi dúró, ìwọ ọmọ ọdún mẹ́fà sì gbà mí gbọ́. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi.

Ìdí tí yàrá rẹ fi ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbé ibẹ̀ rí.

Nítorí náà, dìde. Wá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ, wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Kọ́kọ́ bá ẹlòmíràn dán tirẹ̀ wò kí o tó gbé tìrẹ fún un, ojú rẹ yóò là sí àṣìṣe tìrẹ náà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ibì kan kò yé òun, má ṣàlàyé fún un. O ò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù gbogbo ènìyàn. Bí ẹni mẹ́ta bá kọsẹ̀ níbì kan náà, òkúta wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ bí o ṣe máa gbé e kúrò, gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì ṣe èyí tó bá ìtàn rẹ mu. Ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín, wá ẹni kejì, wá ẹni kẹta. Èmi ò wá.

Fẹ́mi ní o ti sọ pé o ò ní wọ IFComp mọ́, ìdíje àwọn eré ìtàn bíi tìrẹ. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni lè ṣe adájọ́, ohun tí ó bá sì rí láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni yóò fi fún eré ní máàkì láti 1 dé 10. Ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Golden Banana of Discord, fún eré tí máàkì rẹ̀ jìnnà síra jùlọ, tí àwọn kan fẹ́ràn gan-an tí àwọn kan kò sì fẹ́ rí sójú. Inú mi dùn sí àwọn tó ronú kan irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má wọ̀ ọ́ bí kò bá sí orúkọ ẹnì kankan lábẹ́ tìrẹ. Kọ orúkọ mi síbẹ̀ bí o ò bá rí ẹlòmíràn.

Wá iṣẹ́ o. Jẹun. Owó tó lé lórí èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ná an. Bí owó ilé bá ká ọ mọ́, Fẹ́mi yóò dá a padà sí ọ. Má fi owó dá wa lóhùn mọ́.

Pè wá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Èmi ni màá gbé e. Kí o sì sọ fún mi: nígbà tí ọmọ náà mu omi lẹ́ẹ̀kejì, níbo ni ìyá rẹ̀ wà?

Èmi ni bàbá rẹ.