Ta ló sọ ọ́? Ogun kì í ṣe bọ́ọ̀lù o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń tẹ èyí. Láàárọ̀ yìí, lórí rédíò kan l'Ákùúrẹ́ níbí, níbi ètò tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ni wọ́n fi jẹ gbogbo àsìkò, àwọn èèyàn ń pè wọlé, tibí ń gbè sẹ́yìn Putin, tọ̀hún ń gbè sẹ́yìn Zelensky, wọ́n ń bú ara wọn bíi ìgbà tí Arsenal àti Chelsea bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó kan Sudan, "ìjà ṣì ń lọ níbẹ̀" ni atọ́kùn sọ, ó bá ti orin sí i.

Ìwé ìròyìn yín náà wà lára ohun tí wọ́n ń kà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. "Wọ́n ti gba ìlú kan." Ta ló sọ ọ́? Ṣé sójà tó ní òun gbà á ni àbí ará ìlú tó wà níbẹ̀? Ní Gaza, láti oṣù kẹwàá 2023 ni Ísírẹ́lì ò ti jẹ́ kí oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè dá wọlé, àwọn oníròyìn Palẹsitínì ló ń ròyìn látinú ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kú sí i, ṣé ẹ sọ ìyẹn fún wa kí àwa tó máa jiyàn? Fídíò ńkọ́? Lọ́dún 2022, àwọn tó ṣe géèmù Arma 3 fúnra wọn ló jáde sọ pé wọ́n ń gé géèmù àwọn pín kiri bíi ogun Ukraine. Irú ẹ̀ ṣì ń wọ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí atọ́kùn á ní "a ti rí fídíò ẹ̀".

Ó yẹ kó yé àwa ará Òǹdó ju gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí wọ́n pa àwọn èèyàn wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ìròyìn gbòde pé wọ́n tún jí fadá gbé, àfìgbà tí ìjọ Kátólíìkì sọ pé irọ́ ni. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Sudan yìí kì í kúkú ṣe ilẹ̀ àjòjì sí wa. Nígbà tí àwọn sójà ìjọba tí Burhan ń darí àti RSF, ẹgbẹ́ ológun ti Hemedti, kọjú ìjà síra wọn ní oṣù kẹrin 2023, àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Khartoum wà lára àwọn tí bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn sá kúrò níbẹ̀ dá dúró fún láàárín aṣálẹ̀ torí àwọn dírẹ́bà ní wọn ò tíì sanwó fáwọn. Ọmọ aládùúgbò wa kan l'Árákàlé wà níbẹ̀, ìyá ẹ̀ ò sùn. Ìlú El Fasher ní ìwọ̀-oòrùn Sudan lé ní 500 ọjọ́ nínú ìdótì kí RSF tó gbà á ní oṣù kẹwàá 2025, ẹ wo iye ìgbà tí ẹ gbé e sójú ewé àkọ́kọ́.

Àwọn tí ìjọba ní kó máa mójú tó rédíò, àfi kéèyàn bú òṣèlú kí wọ́n tó jí.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ máa fi ìlà kan sí abẹ́ gbogbo ìròyìn ogun: ẹni tó sọ ọ́, ibi tó wà nígbà tó ń sọ ọ́, àti bóyá ẹlòmíì tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni rí i. Bó bá jẹ́ apá kan nìkan ló sọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé apá kan ni. Bí atọ́kùn bá ń kà á, kó ka ìlà yẹn náà, kó tó gba fóònù ẹnikẹ́ni. Bó bá sì padà di irọ́, ojú ewé tí ẹ gbé e sí tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, kì í ṣe igun ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó òkú. Àwa náà, ká dín fọ́wáàdì kù jàre.

Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ látorí El Fasher lọ́sẹ̀ yìí.

Òǹkàwé yín,
Ìsinkàn, Àkúrẹ́