Ta ló mọ̀ pé o wà níbẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Ìlú Ọba,

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow níbí wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun fẹ́ dá lọ sí erékùṣù Skye, ní Scotland níbí, fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá òun ní Ìbàdàn sì ti ń sunkún lórí fóònù láti àná. Ìyá bi í pé, "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Ọmọ ní òun kò mọ ẹnì kankan. "Kí wá lo fẹ́ lọ ṣe?" Ó ní òun fẹ́ lọ wo òkè àti òkun ni. Ẹkún tí ìyá bú sí, àfi bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Mi ò bá ìyá náà wí o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àjò tiwa máa ń ní ìdí: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọjà, àìsàn. Ẹni tó bá dá rìn lọ síbi tí kò ti ní ará, tí kò sì ní iṣẹ́, àwọn èèyàn á ní yálà orí rẹ̀ ti dàrú tàbí ó sá fún gbèsè. Èmi náà ń rò ó bẹ́ẹ̀ títí mo fi pé ẹni ọdún 52.

Ní 2009 ni. Ọkọ mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ogún ọdún ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù nínú rẹ̀. Gbogbo ìsinmi tí mo bá gbà, Abẹ́òkúta ni mo ń ná an sí, aṣọ ẹbí lórí aṣọ ẹbí. Lọ́dún yẹn, mo gba ọjọ́ márùn-ún, mo wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Buchanan Street ní Glasgow, mo forí lé Skye. Ojú tì mí láti sọ fún àwọn ọmọ mi. Mo ní ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ẹ fi irọ́ yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ìrìn náà lé ní wákàtí mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì gba etí Loch Lomond, ó gba Glencoe níbi tí àwọn òkè ti sún mọ́ títì bí ẹni fẹ́ yọjú wo inú ọkọ̀, ó gba Fort William, ó kọjá lẹ́bàá ilé olódi Eilean Donan tó dúró sínú omi, kó tó gun afárá wọ erékùṣù. Ní 1995 ni wọ́n ṣí afárá yẹn. Owó oníbodè tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ bí àwọn ará Skye nínú, wọ́n sì ń bá a jà títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní 2004. Mo ti fẹ́ràn wọn kí n tó bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ràn rélùwéè lè wọ̀ ọ́ ní ibùdó rélùwéè Queen Street ní Glasgow lọ sí Mallaig, kó gba orí afárá Glenfinnan olójú 21 kọjá, kó wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Armadale. Ó pẹ́, ó sì dùn.)

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí òkè Storr. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó dá dúró gbagidi, ó ga tó mítà 50, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Old Man of Storr. Èmi tí wọ́n bí sí abẹ́ Olúmọ, ta ni yóò fi àpáta dẹ́rù bà mí? Bàtà kánfáàsì ni mo wọ̀, báàgì ọwọ́ ni mo gbé, oòrùn sì ń ràn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Mo dé abẹ́ àpáta. Kí n tó ya fọ́tò kẹta, kùrukùru ti dé. Kì í ṣe pé ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ o. Àpáta tí mo ń wò pòórá níwájú mi. Òjò tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé òjò. Mo yà kúrò lójú ọ̀nà láìmọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí koríko, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún yí. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fara ti òkúta kan, mo jókòó.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Òtútù tó ń pa èèyàn kò nílò yìnyín. Aṣọ tó rin àti afẹ́fẹ́ ti tó, nínú oṣù Keje pàápàá. Níwọ̀n ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n, ara ṣì ń jà. Tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró tí otútù kò sì lọ, ewu ti wọlé. Ṣe ni mo ń ṣọ́ ara mi bí ẹni ṣọ́ aláìsàn: ṣé mo ṣì ń gbọ̀n? Mo ṣì ń gbọ̀n.

Ajá ló kọ́kọ́ rí mi. Tọkọtaya tó ni ín tẹ̀ lé e. Obìnrin náà wọ̀ mí ní ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó wá bi mí pé ta ló mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Àwọn ọmọ mi rò pé iṣẹ́ ni mo wà. Ibi iṣẹ́ rò pé ilé ni mo wà. Ká ní mo kú síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ì bá fi máa wá mi ní Glasgow.

Ìyá tó wà ní Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ. "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" kọ́ ni. "Ta ló mọ̀ pé o wà níbẹ̀?" ni. Ẹ dá lọ, ẹ má dá mọ̀ ọ́n.

Torí náà, ẹ wá bébà. Ẹ kọ ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, òkè tí ẹ fẹ́ gùn àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gùn ún, àti aago tí ẹ máa pè nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọ aago kejì sí i: tó bá lù tí ẹ kò tíì pè, kí wọ́n ké sí ọlọ́pàá. Ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí ni kí ẹ fún, torí ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò lè tẹ 999 kó bọ́ sí Scotland. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wàhálà bá, 999 náà ni. Ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ní mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Ọ̀fẹ́ ni àwọn yẹn ń ṣe é, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ "register" ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn. Ẹ ó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ké sí wọn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti gbé ìpè. Ẹ ra fèrè. Ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gun òkè ló mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

Ẹnìkan lè ní, "Màmá, kí ló wá dé tí ẹ tún padà lọ?" Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdí rẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan tí mo bá níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Staffin, lọ́jọ́ tí mò ń tiro lọ.

Tí ẹ bá dé Skye, ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà dáadáa, èdè méjì ló wà lára rẹ̀. Portree ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe olú ìlú wọn, Port Rìgh ni Gaelic, èdè àbáláyé wọn, ń pè é. Mo bi bàbá náà bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu. Ó pè é, ó bi mí ní orúkọ ìlú tèmi. Mo ní Abẹ́òkúta, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní nígbà tí bàbá òun wà nílé-ìwé, pàṣán ni fún ọmọ tó bá sọ Gaelic. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé wọ́n gbé pátákó kọ́ èmi náà lọ́rùn nítorí fànákúlà, Yorùbá tí ìyá mi fi tọ́ mi ni mo sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́: ẹgbẹ́ ẹni ni "tapadh leat", àgbà ni "tapadh leibh". Ẹ ò rí i? O ṣeun, ẹ ṣeun! Mo ti lé ní ogún ọdún nílùú àwọn òyìnbó, mi ò mọ̀ pé ẹnìkan wà láàárín wọn tó ní "ẹ" tirẹ̀. Láti 1973 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, Sabhal Mòr Ostaig, ti wà ní Sleat níbẹ̀, tó ń fi Gaelic kọ́ni. Àwa tí ìyà tó jẹ èdè wa kò tó tiwọn, a ń bá àwọn ọmọ wa sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá.

Ká ní mo ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni, bàbá yẹn kò ní dá sí mi, èmi náà kò sì ní wo ojú rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú àdálọ nìyẹn.

Òun ló ní kí n lọ sí Braes, ní gúúsù Portree. Àwọn tó ń lọ ya fọ́tò kì í sábà débẹ̀. Òkúta ìrántí kan ló wà níbẹ̀. Onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ ìjẹko lórí òkè Ben Lee lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní kó dá a padà, wọ́n kọ̀ láti san owó ilẹ̀, ní 1882 ìjọba sì kó nǹkan bí àádọ́ta ọlọ́pàá wá láti Glasgow. Àwọn obìnrin ló ṣáájú, òkò ni wọ́n fi pàdé wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni òfin kan dé tí kò jẹ́ kí onílẹ̀ lè lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bó ṣe wù ú. Mo dúró síwájú òkúta yẹn, ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Ó wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó tú síta ní 1947 nítorí owó orí.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, kí n má sọ lẹ́tà di ìwé. Nínú oṣù Kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ á kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, kò ní dúró de aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ìyẹn ṣírò òkè yín. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní midge, ó jọ amùkúrù tiwa, níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti fẹ́ ni wọ́n ti ń ya bo èèyàn. Bọ́ọ̀sì kì í tó nǹkan lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀, ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láti ọjọ́ tó ti di olùgbé ibí. Ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. A ti fi ìyẹn sílẹ̀ nílé láti 1972, mo rántí ọjọ́ náà. Ọ̀nà tó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún kí ẹlòmíì lè kọjá, ẹ má páàkì síbẹ̀ ya fọ́tò. Omi Fairy Pools mọ́ bíi dígí, ó sì tutù débi tó lè gba èémí lẹ́nu ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀. Fọ́tò ibi tí ẹ wà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Wọ́n á wò yín, torí èèyàn dúdú kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kí wọn. Àwọn tó dá mi lóhùn pọ̀ ju àwọn tí kò dá mi lóhùn lọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú wọ ilé ìdáná hostel. Mo ti ṣe é rí, ẹni mẹ́ta ló ṣí fèrèsé.

Ọmọbìnrin tí mo ń wí kọ́kọ́ kọ bébà tirẹ̀ bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, mo dá a padà pé kó fi aago sí i. Ó mú un wá lánàá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo pe ìyá rẹ̀, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun máa wo ojú ọjọ́ kí òun tó gun Storr, pé tí kùrukùru bá wà, Braes ni òun máa lọ jókòó sí.

Èmi ni ìyá yín, ní Glasgow.