Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Erékùṣù Fojú Ara Rẹ̀ Rí Iyùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa etíkun Zanzibar, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Tanzania, àti àwọn àjèjì tó ń wọ́ lọ síbẹ̀ fún fàájì. Ìròyìn náà dára, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ ilé-ìwé lọ wo iyùn lábẹ́ òkun, kò sí nínú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Erékùṣù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Chumbe, nǹkan bíi kìlómítà 12 sí ìlú Zanzibar. Ní 1994 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de ẹja pípa ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ nítorí òkìtì iyùn tó wà lábẹ́ omi. Àwọn ẹranko tíntìntín ló ń mọ òkìtì yìí, ìran kan lórí egungun ìran tó ṣáájú, ẹja sì ń sá pamọ́ síbẹ̀, wọ́n ń jẹ̀ níbẹ̀. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ òkun àgbáyé, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun ló gbójú lé e.

Ta ló ń ṣọ́ ọ? Àwọn apẹja ni! Àwọn tó ń fi ẹja pípa jẹun tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́, tí wọ́n kọ́ nípa iyùn, tí wọ́n sì sọ di ẹ̀ṣọ́. Wọn kì í gbé ìbọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá apẹja ẹgbẹ́ wọn sọ. Àwọn kan náà ló tún ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ omi. Owó táwọn àlejò ń san ló ń gbé ìnáwó rẹ̀. Àwọn ọmọ á rìn nínú igbó, wọ́n á yẹ etí òkun wò nígbà tí omi bá fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ awò tí a fi ń wo abẹ́ omi, wọ́n á fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, wọ́n á dojú kọ ìsàlẹ̀.

Ẹ rò ó wò: ọmọ tó jẹ́ pé òkun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, tí kò rí abẹ́ òkun náà rí. Nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, iyùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé-ìwé níbẹ̀. Àpáta lásán ni ọ̀pọ̀ àgbà kà á sí. Ta ni yóò ro ti àpáta kó tó ju ìdákọ̀ró lé e? Ní etíkun Tanzania, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ohun abúgbàù pa ẹja, iyùn tó ti ń dàgbà láti ọdún gbọọrọ á sì fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítorí àwọn òbí kò fẹ́ kí ara ọmọ wọn hàn síta. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní àríwá Unguja, erékùṣù tó tóbi jù ní Zanzibar, àwọn kan ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní odò wíwẹ̀ nínú aṣọ tó bò wọ́n láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀ràn ẹ̀mí sì ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ọkọ̀ ojú omi kan rì láàárín Unguja àti Pemba, erékùṣù ńlá kejì níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló bá a lọ.

Àwọn kan á ní kí ni ọmọdé lè ṣe sí òkun tó ń gbóná. Lóòótọ́, ní 1998 àti 2016, ooru mú kí iyùn agbègbè náà pàdánù ewé omi tíntìntín tó ń bọ́ ọ, ó sì funfun báláú. Ọmọ ilé-ìwé kò lè mú kí òkun tutù. Àmọ́ òkìtì tí àwọ̀n àti ìdákọ̀ró kò tíì fọ́ ní okun láti gbérí, ẹni tó bá sì ti mọ àwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa tètè fura pé ó ń ṣàìsàn.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀pẹ́. A kò ní òkìtì iyùn, ọ̀sà la ní, síbẹ̀ ojú pátákó ni ẹ̀kọ́ nípa ẹja máa ń parí sí, bẹ́ẹ̀ ọjà ẹja Olúwo wà nítòsí. Bí ẹ bá tún rán akọ̀ròyìn lọ sí Zanzibar, ẹ jọ̀ọ́, kó wọkọ̀ dé Chumbe. Kó béèrè iye tí wọ́n ń ná lórí kíláàsì kan, bí wọ́n ṣe ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà, àti ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣe bí ẹ̀rù bá ba ọmọ nínú omi. Ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde lédè Yorùbá, kí àwa olùkọ́ etí ọ̀sà lè rí i lò.

Olùkọ́ kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.