Lẹ́tà sí Àǹtí mi, Ìkéré

Àǹtí mi,

Ẹ sùn ún re o. Wọ́n ti palẹ̀ yàrá yín mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ti pín aṣọ òkè àti kúlà, kò sẹ́ni tó bojú wo páálí ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo ṣí i. Bí mo ṣe rí ìwé ìtàn Veronica yẹn báyìí, ẹkún tí mi ò rí sun lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé ẹ ti lọ bá dé.

Tí NEPA bá ti múná lọ, ẹ̀yin lẹ máa ń kà á fún wa, ẹ ó sì máa túmọ̀ ẹ̀ lọ, ọmọ òrukàn tí wọ́n mú kúrò ní London lọ sọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ ní Northumberland, tí kò ní nǹkan míì lọ́kàn ju kó ṣáà wọ Sadler's Wells, ilé ẹ̀kọ́ ijó ní London, lọ kọ́ ijó ballet. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé gúlù àti aṣọ ni wọ́n fi ń mú kí imú bàtà wọn le. Mo bá lọ ki àkísà bọ imú kánfáàsì mi, mo di ẹ̀yìn àga yín mú, mo gbéra sórí ọmọ ìka, èékánná mi dúdú fún odidi oṣù. Ẹ fi òrí pa á, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí.

Kí ló wá dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Àǹtí mi? Wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tó máa jó l'Ádó, tíṣà ti kọ orúkọ mi, ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ mọ́, ẹ ti géètì pa, ẹ ní kí n gún iyán fún àlejò. Àlejò tí kò dé títí di ìrọ̀lẹ́! Veronica gun ẹṣin gba inú ìkùukùu kó lè bá ọkọ̀ ojú irin, èmi, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni láti Ìkéré dé Adó, ọlọ́kadà yẹn sì wà níta tó ń fọn fèrè, mò ń gbọ́ ọ, ọmọ odó wà lọ́wọ́ mi. Mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní kí n jẹun. Mo tún bi yín nígbà tí mo lọ́kọ, ẹ ní ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán ni.

Kò tíì tán. Lánàá mo wo íntánẹ́ẹ̀tì, Lorna Hill tó kọ ọ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló lọ sílé ẹ̀kọ́ yẹn tóun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, 1950 ni àkọ́kọ́ jáde, ó kọ ọ́ títí ó fi pé ìwé 14. (Láti 1956 ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Royal Ballet School, àwa ń pè é ní Sadler's Wells n'Íkéré ńbí!) Ọmọ tiẹ̀ lọ, ó ń fi ìwé tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin, géètì.

Ẹ má bínú, nǹkan ló sú mi. Ìdúró kíláàsì ti ba orúnkún mi jẹ́, kọ́pẹ́reétìífù ti ń yọ owó òkú yín nínú owó oṣù mi, lándílọ́ọ̀dù ò jẹ́ n gbádùn. Àbúrò tó wà ní Kánádà ní kí ìnáwó náà lárinrin, kóun rí fídíò gbé sórí Facebook, kọ́bọ̀ ẹ̀ ò tíì wọlé. Wọ́n tún ní èmi ni n ó jó síwájú onílù. Mo ní ta ló sọ fún wọn pé mo mọ ijó jó? Wọ́n ní ẹ̀yin ni, pé gbogbo ìgbà lẹ máa ń fi mí yangàn.

Àǹtí mi, ẹ ò wí fún èmi. Mo ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó aṣọ ẹbí tí mo bá wọn dá ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ ijó.