Èmi ni obìnrin tó ń yan ẹ̀dọ̀ fún ajá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọwọ́ ọmọ kan tó ń tà á ní Post Office ni mo ti máa ń ra ìwé ìròyìn yín, tí mo bá kà á tán, òun náà ni mo fi ń wé bọ́ńsì fún kọsítọ́mà, ẹ má bínú, bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́tà ẹnì kan tí ẹ gbé jáde lọ́jọ́sí ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹni náà ní òun rí obìnrin kan ní Táńkẹ̀ níbí tó ń yan ẹ̀dọ̀ màlúù fún ajá, nínú ọ̀wọ́n yìí tí ọmọ èèyàn ò rí ẹran fi jẹ àmàlà, ó ní kí gbogbo wa bá obìnrin náà gbàdúrà. Olóòtú, èmi ni obìnrin náà. Àdúrà yẹn mo ṣe àmín sí i tọwọ́ tẹsẹ̀, mi ò kọ àdúrà láéláé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà rojọ́ tèmi.

Èmi kọ́ ni mo ra ajá. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé e wá nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, ó ní olè ń yọ wọ́n lẹ́nu níbi tí wọ́n gbé yàrá sí ní Òkè-Odò, nígbà tó wá tó àkókò kó lọ sìnlú ló já a sílẹ̀ fún mi bí ìgbà tí wọ́n bá já ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì. Rambo lorúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Mo ní rárá o, àwọn bàbá wa, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, èmi náà bá sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ládùúgbò wa ti gbọ́ ọ. Tání la gé e kúrú sí, orúkọ kúkúrú tètè máa ń wọ ajá létí.

Tání ò gbọ́ràn rárá nígbà yẹn. Kọsítọ́mà tó bá wọlé, á fò mọ́ ọn, ó fi èékánná ya ìró àńkárá obìnrin kan, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n wá pàṣán, ẹlòmíì ní kí n so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo nà án, mo so ó. Ńṣe ló burú sí i, ó wá di pé tó bá ti rí ọwọ́ tó lọ sókè báyìí, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ yún orí, eyín ló máa fi hàn án. Wọ́n máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, mo jókòó nídìí ófùn lọ́jọ́ kan mo wá ń bi ara mi pé ọdẹ ọ̀hún náà ńkọ́, kí ló wà lápò ẹ̀ tí ajá máa torí ẹ̀ padà wá? Torí bàbá ìyá mi, ọdẹ ni wọ́n, lápá Ọ̀fà, ajá wọn kì í lọ kó má bọ̀. Tó bá lé òkété jáde, ìdí ihò yẹn náà ni wọ́n ti máa gé díẹ̀ fún un, wọn ò ní sọ pé ó di ilé.

Mo bá lọ béèrè ìpanu ajá tó máa ń wá láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ṣe sínú páálí. Wọ́n pe iye ẹ̀, mo rọra gbé e padà sórí káńtà. Èmi tí mo ní ófùn nílé, tí mo ń yan míìtì páì láti bí ọdún méloòó kan, kí ló dé tí n ò ní yan tèmi?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe o, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí kọ́gbọ́n níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Èèlò míìtì páì tó ṣẹ́kù ni mo lò, ẹran lílọ̀ tó ti ní àlùbọ́sà dáadáa, iyọ̀, mágì, kọ́rì, mo pò ó mọ́ fúláwà mo yan án. Ó dùn débi pé èmi alára jẹ níbẹ̀. Tání náà jẹ ẹ́, àràárọ̀ ni mo ń fún un. Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò jẹun mọ́, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ dùbúlẹ̀, ìtọ̀ ẹ̀ ń pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá ṣí ẹnu ẹ̀ wò, èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti funfun. Ó bi mí ohun tó jẹ, mo kà á, nígbà tí mo dé orí àlùbọ́sà ó ní ó ti tó, ìyá. Ó ní àlùbọ́sà máa ń fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tútù ni o, sísè ni o, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná ni o, bákan náà ni, áyù náà ò sì yàtọ̀. Mágì tí mo rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, iyọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní àlùbọ́sà lílọ̀. Ọlọ́run bá mi ṣe é, Tání yè, àmọ́ mi ò tíì dárí ji ara mi tán.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń béèrè kí n tó fún un ní nǹkan, ẹ̀rù sì bà mí nígbà tí mo rí iye ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó lè pa ajá. Nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a ń fi sí ṣínṣín, tó bá pọ̀ lára ajá wàhálà ni. Réésìn inú kéèkì, ṣokoléètì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìpò bọ́ńsì tútù tó ní yíìsì, tí ajá bá jí i jẹ, inú ẹ̀ ni á ti máa wú. Àti súgà kan tí wọ́n ń pè ní xylitol tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà, ìyẹn kò dára fún ajá rárá, díẹ̀ báyìí lè pa á. Egungun adìyẹ sísè tí gbogbo wa ń jù sílẹ̀ fún wọn náà, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó bí ẹ̀rún igi, ó sì lè gún ìfun.

Ó dáa, bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Ààbọ̀ kílò ẹ̀dọ̀ màlúù láti ọjà Ìpàta, mo máa fọ̀ ọ́, mo máa lọ̀ ọ́ ní bíléńdà pẹ̀lú ẹyin méjì títí á fi dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ànàmọ́ kékeré kan tí mo ti sè tí mo gún (ti Ọ̀fà ni mo fẹ́ràn, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni), lẹ́yìn náà fúláwà agolo mílíìkì méjì. Kò síyọ̀, kò sí mágì, kò sí kiní kan. Mo máa tẹ́ ẹ sínú téréè tí mo fi òróró díẹ̀ pa, ófùn á wà ní 180 lórí ìwọ̀n Celsius, á ṣe bí ìṣẹ́jú 30. Òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé, mi ò ní purọ́ fún yín, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo bá ti yan ti ọjà tán ni mo máa ń gbé e sí i. Tó bá jinná mo máa gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, mo máa tún dá a padà fún bí wákàtí kan kó lè gbẹ, iná ò ní ju 100 lọ, ilẹ̀kùn ófùn á ṣí díẹ̀ kí ooru lè máa jáde. Ẹni tí ò ní ófùn, ìkòkò irin tí ẹ da yanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀, ẹ gbé téréè kékeré lé e, ẹ dé e pa, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí, bí mo ṣe ń yan kéèkì nìyẹn kí n tó ní ófùn, kì í jóná tí ẹ bá ń ṣọ́ ọ.

Ẹ fi sí fíríìjì, ọ̀sẹ̀ kan ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí kẹ́míkà tó ń dá a dúró. Ìyókù ẹ dì í sí náílọ́ọ̀nù kéékèèké kó wọ fíríṣà, tí àwọn oníná bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ sì má fún un ní ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́ ọdún, fítámì A tó wà nínú ẹ̀ tó bá ti pọ̀ jù máa ń ba egungun jẹ́. Àwọn oṣù mìíì adìyẹ ni mo máa ń fi ṣe é, tàbí kí n má tiẹ̀ yan nǹkan kan, wàrà. Bẹ́ẹ̀ ni, wàrà wa níbí, èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé láti gáà tí wọn ò tíì din, tí wọn ò sì fi iyọ̀ sí. Mo máa gé e wẹ́wẹ́ kí n sá a sínú ófùn tó ti ń tutù lọ. Àwọn òyìnbó ń fi ṣíìsì kọ́ ajá, kí ni wàrà ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ṣá, kí ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe máa ṣe é nínú.

Kọsítọ́mà kan rí i lórí tábìlì lọ́jọ́ kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó rún un wómúwómú, ó ní Ìyá, ṣínṣín yìí ò ní ṣúgà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà ni.

Wàyí o, yíyan ẹ̀ kọ́ ló ń kọ́ ajá, ìgbà tí èèyàn bá fún un ni. Etí ìró ni mo ń so ó sí bí ẹní so owó. Níbẹ̀rẹ̀ mo máa ní Tání, jókòó, á jókòó, èmi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró, kí n tó tú u tán ó ti dìde ó ti ń fò mọ́ mi, ibẹ̀ yẹn ni mo wá máa fún un. Ẹ ò rí i pé fífò ni mo ń sanwó fún? Ọmọ mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó ní Màámi, kí ìpanu ọ̀hún wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ìdí ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ kó tó kàn án lẹ́nu. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, kí n tó gbé oúnjẹ ẹ̀ sílẹ̀ torí ajá tó ti yó ò mọ̀ yín. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan kan géètì, mi ò tíì lanu, Tání sáré dé ibẹ̀, ó dúró, ó wẹ̀yìn wò mí, ó wá rọra fìdí lélẹ̀, ìrù ẹ̀ ń gbálẹ̀ ṣàà ṣàà ṣàà. Omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó kan géètì, ẹni tó ń gba owó òrùlé tí mo jẹ ẹ́ ni, àmọ́ omi bọ́ lójú mi ṣá.

Ìpanu yìí tún ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ jọ̀ọ́, ìpanu ò ní kí ẹ má gba abẹ́rẹ́ fún ajá yín o, tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló kù, 28 September ọdọọdún ni gbogbo ayé fi ń rántí ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ èèyàn mẹ́ta ló máa ń di Tání mú. Èyí tó kọjá yìí, mo fi ẹ̀dọ̀ lílọ̀ pa ìsàlẹ̀ abọ́, ó ń lá a, dókítà gún un, kò mọ̀.

Alhaja kan tí a jọ wà lójúlé kan náà bi mí tìfẹ́tìfẹ́ pé ṣé mùsùlùmí tún ń ṣe irú eléyìí. Mo ní téréè ajá wà lọ́tọ̀, abọ́ ẹ̀ wà lọ́tọ̀, kàǹrìnkàn ẹ̀ wà lọ́tọ̀, mi ò sì ní dá sí ìjà àwọn Áfáà lórí itọ́ ajá. Àmọ́ Súrà Máídà, áyà kẹrin, ẹ̀kọ́ tí èèyàn kọ́ ẹran ọdẹ ni Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ń sọ níbẹ̀. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà alawọ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, ṣebí Ọlọ́run torí ẹ̀ dárí jì í. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fún òun ní bọ́ńsì.

Èyí tó wá dùn mí jù nínú lẹ́tà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìnáwó. Téréè mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó fẹ̀ ní 20, tí mo bá gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan kan, 600 ló jẹ́. Ogún ni Tání ń jẹ lójúmọ́, torí ìpanu ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀, oṣù kan gbáko. Ààbọ̀ kílò ẹ̀dọ̀ lóṣù! Àlejò kan ṣoṣo tó bá yà sílé mi ní ọjọ́ Iléyá á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wẹ ọwọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ pé ẹṣin leégún wa, tó bá di Durbar, àjọ̀dún ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ń bọ́ ẹṣin yó, tí wọ́n ń dá aṣọ fún un, ta ni mo gbọ́ tó ní kí a bá olówó ẹ̀ gbàdúrà?

Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀hún kó yà lọ́dọ̀ mi ní Táńkẹ̀. Mo máa ń yan ti ọjà tán ní bí aago méjì ọ̀sán, iná ófùn kì í sì tíì kú nígbà yẹn. Tó bá ní ajá, kó gbé ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ dání. Kó má sáré wọlé ṣá, kó dúró ní géètì títí Tání á fi jókòó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbọ́ńsì,
Táńkẹ̀, Ìlọrin.