Lẹ́tà sí ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú

Ìwọ, èmi ọmọ ọdún 19,

Wọ́n wọ́ ọmọkùnrin kan jáde ní yàrá kejì sí tìẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní hómò ni. Iná ò sí. Ìwọ lo ní tọ́ọ̀ṣì. O ò gbá a létí, o ò fi ìgbànú nà án. O kàn ń tanná sí i kí àwọn tó ń nà án lè ríran. Títí dòní lèmi náà ń sọ pé a ò fọwọ́ kàn án. (Òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, tí ìjọba Nàìjíríà buwọ́ lù ní 2014, ò tíì dé nígbà náà. Ẹ ò dúró dè é.)

Mo wo fíìmù kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, Femme, tí Sam H. Freeman àti Ng Choon Ping gbé jáde ní 2023. Jules, adúláwọ̀ tó máa ń múra bí obìnrin ṣeré orí ìtàgé, lọ ra sìgá lóru, ó bá Preston àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù. Ó là á sọ lójú wọn pé òun rí Preston níbi tó ti ń wo òun. Torí ìyẹn ni Preston ṣe lù ú ní àlùbami, tó sì bọ́ ọ síhòòhò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Jules rí i ní sauna, ilé ìwẹ̀ olóoru, táwọn ọkùnrin ti ń wá ara wọn. Wíìgì ò sí lórí, àtíkè ò sí lójú, Preston ò dá a mọ̀. Ni Jules bá ń bá a jáde, kó lè ká a sínú fídíò, kó tú u fáyé rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ká má parọ́, ẹ̀san yẹn kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú, àfìgbà tí George MacKay, tó ṣe Preston, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ Preston ni mò ń wò ní tèmi. Ká ní òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, bóyá ì bá ra ọjà rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

O sì mọ ìdí tó o fi tètè lọ mú tọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìwọ àti ọmọkùnrin tí wọ́n wọ́ jáde yẹn jọ jẹ Indomie nínú ìkòkò kan lẹ́bàá sítóòfù rẹ̀. Orúnkún yín kanra, o ò sún.

Lóru yẹn, ó gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ bò ó lójú, kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ rẹ ló pè.